Ta ló bí ta? Bí mo ṣe fi ẹ̀rí sí ìlà ẹbí wa nínú Gramps

Kíkọ orúkọ ẹbí sínú kọ̀ǹpútà kò le. Ọ̀sán kan tó fún ẹni tó bá mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni okùn tó so orúkọ kan mọ́ èkejì, èyí tó ń sọ pé ẹni yìí ló bí ẹni yẹn. Nínú àkọsílẹ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi, ọjọ́ ìbí ní ẹ̀rí, ọjọ́ ikú ní ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun tó fi hàn pé ọmọ àwọn òbí tí wọ́n kọ sókè orúkọ rẹ̀ ni ọmọ náà lóòótọ́. Ìyẹn ni mo jókòó tì.

Gramps, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìtàn ìdílé, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà tèmi ni gbogbo rẹ̀ wà, ó sì ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rí nínú ìwé. Ibi tí wọ́n tọ́jú ìwé sí ń jẹ́ Repository. Ìwé fúnra rẹ̀, bí ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì kan, ni Source. Ojú ewé àti ìlà tí mo ti rí ọ̀rọ̀ ni Citation. Ó dà bí wàhálà lásán títí ìwé kan ṣoṣo fi ní láti jẹ́rìí sí ọmọ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ orúkọ ìwé náà. Ojú ewé nìkan ni mo ń pààrọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé rèé. Tí mo bá ṣí ìdílé kan, tí mo yan ọmọ kan nínú àwọn ọmọ, tí mo sì tẹ àtúnṣe, ojú ìwé kékeré kan á yọ tí wọ́n pè ní Child Reference. Ó béèrè ohun tí ọmọ náà jẹ́ sí bàbá, ó tún béèrè ohun tó jẹ́ sí ìyá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Birth, Adopted, Stepchild, Foster, Unknown, àti àwọn mìíràn. Ibẹ̀ náà ni àyè wà fún Citation àti Note. Àbúrò bàbá mi kan, ọkọ ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Mo fi Birth sí ọ̀dọ̀ ìyá, Stepchild sí ọ̀dọ̀ bàbá, mo sì tún kọ ọ́ sínú ìdílé kejì pẹ̀lú bàbá tó bí i. Gramps kò bá mi jà. Ọmọ kan lè wà nínú ìdílé méjì.

Ìdùnnú kékeré nìyẹn. Orí ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mi ni mo ti làágùn. Ìwé ìrìbọmi rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ kan, ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ pè é ní òmíràn. Ti ìjọba ni ìwé ikú, ó ní òǹtẹ̀, àwọn ẹbí sì fẹ́ràn òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ẹni tó fún akọ̀wé lọ́rọ̀: ọkọ ọmọ olóògbé ni, kò sì bá ìyá náà láyé. Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kú àti ibi tó kú sí, ìyẹn ṣojú rẹ̀. Orúkọ ìyá olóògbé, àgbọ́sọ ni. Ìwé ìrìbọmi ní tirẹ̀, ìgbà tí ìyá fúnra rẹ̀ gbé ọmọ wá ni wọ́n kọ ọ́.

Nítorí náà, Citation méjì ni mo yọ lára ìwé ikú kan ṣoṣo. Gramps máa ń béèrè ìpele ìgbẹ́kẹ̀lé fún Citation kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo so mọ́ ọjọ́ ikú, mo fún un ní High. Èyí tí mo so mọ́ okùn àárín òun àti ìyá rẹ̀, Low. Mi ò ju orúkọ kejì nù. Mo kọ ọ́ sínú Note pẹ̀lú ìdí tí mi ò fi gbà á. Bí Genealogical Proof Standard, ìlànà táwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé, ṣe wí nìyẹn: ẹ̀rí tó bá ta kora, yanjú rẹ̀, kí o sì kọ ìpinnu rẹ sílẹ̀.

Mo ṣọ́ra fún ìwé ìkànìyàn. Ní Amẹ́ríkà, ti 1850 dárúkọ gbogbo ará ilé tí kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ó di 1880 kí wọ́n tó máa kọ ohun tí kálukú jẹ́ sí olórí ilé. Kódà nígbà náà, ọmọ olórí ilé ni wọ́n ń sọ. Kò túmọ̀ sí pé ìyàwó tó wà nílé ló bí i. Àyè Citation kan náà ni Gramps fi sílẹ̀ fún bàbá àti ìyá nínú Child Reference, nítorí náà mo máa ń kọ sínú Note pé bàbá nìkan ni ìwé yìí jẹ́rìí sí.

Ẹ̀rí ẹnu, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, mo sì sọ ohùn kọ̀ọ̀kan di Source: ta ló sọ̀rọ̀, ọjọ́ wo, àti ẹnu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló wúlò jù. Bí àgbà méjì bá sọ ohun kan náà, tó sì jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ, ẹ̀rí kan ni mo kà á sí. DNA ò sì lè gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí: ọbàkan, àbúrò òbí àti òbí àgbà, gbogbo wọn ló ń bá èèyàn pín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, iye yẹn nìkan kò lè sọ èwo ni èwo.

Nígbà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹbí, fáìlì .gpkg, irú fáìlì ti Gramps fúnra rẹ̀, ni mo ṣe, torí ó ń kó àwòrán ìwé dání. GEDCOM, irú fáìlì tí oríṣiríṣi ètò ìtàn ìdílé fi ń pààrọ̀ àkọsílẹ̀, kì í kó o, ìpele ìgbẹ́kẹ̀lé tirẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin, 0 dé 3, nígbà tí ti Gramps jẹ́ márùn-ún. Mo yọ àwọn tó ṣì wà láàyè kúrò kí n tó fi ránṣẹ́.

Ìyá ọmọ kan ṣì wà ní Unknown. Ìwé ìgbéyàwó ọmọ náà ni mo ń wá báyìí, torí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè orúkọ òbí.