Ẹ Má Sùn Ti Oògùn Ẹ̀wà: Ìtọ́sọ́nà Fún Àgbẹ̀ Àti Onílé Ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ọ̀kun o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá wa ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà inú atẹ́gùn la bá wá, èyí tó ń gba imú wọlé láìjẹ́ pé èèyàn jẹ ẹ́ tàbí mu ún, èyí tó sì ká mi lára jù nínú ẹ̀ ni oògùn oníhóró tí a ń jù sínú àpò ẹ̀wà àti àgbàdo, Phostoxin àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Aluminium phosphide ló wà nínú hóró yẹn. Tí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn bá ti kàn án, ó máa tú gáàsì phosphine jáde, gáàsì yẹn ló ń pa kòkòrò, òun náà ló ń pa èèyàn. Hóró tó wúwo tó gíráàmù 3 máa tú gáàsì gíráàmù 1 jáde, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà níbi iṣẹ́ ò tó ìdá 1 nínú mílíọ̀nù 1 atẹ́gùn. Lásìkò ọyẹ́ tí ẹ̀wà ṣẹ̀ṣẹ̀ délé, atẹ́gùn ti gbẹ, hóró náà á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè máa tú gáàsì fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbà yẹn gan-an la sì ń ti fèrèsé pa torí òtútù. Ẹ wo ilé wa náà, ọ̀pọ̀ ògiri yàrá ò kan páànù, àpò wà ní yàrá kan, àwọn ọmọ ń sùn ní ìkejì, gáàsì á gba òkè, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan á ní àwọn ò gbóòórùn kankan. Lóòótọ́ ó máa ń rùn bí áyù tàbí ẹja tó ti bàjẹ́, àmọ́ ó lè ti máa ṣe èèyàn léṣe kí imú tó mọ̀.

Trevor Kletz, àgbà nínú ọ̀rọ̀ ààbò iléeṣẹ́ kẹ́míkà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà láti 1978 pé ohun tí ò bá sí níbẹ̀ ò lè jò. Ní 1984, gáàsì jò lóru níléeṣẹ́ oògùn apakòkòrò kan ní Bhopal, ní India, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọ̀pọ̀ wọn ojú oorun ló bá wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àpò PICS ju oògùn lọ, àpò aláwẹ́ mẹ́ta ni, ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ so ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó le, kòkòrò inú ẹ̀ á lo atẹ́gùn tán, á kú. Ó wọ́n ju àpò lásán lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ò bá ti ya ẹ lè tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ṣì máa lo hóró, abà tó jìnnà sílé ni o, kí ẹnikẹ́ni má sùn níbẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tú sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ má sì da omi sí i láé, ó lè gbiná.

Sniper náà kì í ṣe oògùn ẹ̀wà, NAFDAC ò jẹ́ kí wọ́n ta ike 100ml ẹ̀ lọ́jà mọ́ láti 2019. Paraquat tí ẹ fi ń pa koríko oko kajú, wọ́n ti fòfin dè é láti January 2024. Tẹ́ ẹ bá ń fín oògùn èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, kẹ́ ẹ lé àwọn ọmọ kúrò lóko. Jẹnẹrétọ̀ àti èédú, ìta ni, torí carbon monoxide, gáàsì tó ń pa èèyàn tó ń jáde lára wọn, ò lóòórùn rárá. Hypo àti oògùn ìfọṣáláńgá alásíìdì ò gbọdọ̀ pàdé, gáàsì chlorine ni wọ́n máa bí.

Tí orí bá ń fọ́ èèyàn, tó ń bì, tí àyà ń há a, tí ẹ sì mọ̀ pé oògùn wà nínú ilé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé e síta, kí gbogbo ilé jáde. Phosphine ò ní ẹ̀rọ̀, ẹ má jókòó máa fún un lépo pupa tàbí mílíìkì. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú agolo oògùn náà dání kí dókítà lè rí orúkọ ara ẹ̀, tí hóró bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ má gbé e wọnú mọ́tò tí wọ́n ti wíńdò ẹ̀ pa, fọ́tò ara ẹ̀ lórí fóònù ti tó.