Bí a ṣe ń dárí ji ọ̀tá, tí a sì ń fẹ́ràn rẹ̀

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ dúró ni pé wọ́n ń retí kí inú wọn kọ́kọ́ rọ̀ ná. Jésù kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Lúùkù 6:27-28, ó ní ká fẹ́ àwọn ọ̀tá wa, ká ṣoore fún wọn, ká súre fún wọn, ká gbàdúrà fún wọn. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, ọwọ́ àti ẹnu lè ṣe é lónìí, kódà bí inú ṣì ń bí wa.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ọ̀tá yín ṣe sí yín sínú ìwé, gbólóhùn kan péré: “Ó purọ́ mọ́ mi, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.” Ẹ má kọ “Ìkà ni.” Ohun tí èèyàn ṣe la ń dárí rẹ̀ jì í. Ẹni tó sáré ní “kò sí nǹkan kan” nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn ún, ńṣe ló di kùnrùngbùn sínú. Lábẹ́ gbólóhùn náà, ẹ kọ ẹ̀san tó ń wù yín láti gbà, kí ẹ sì fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bí Róòmù 12:19 ṣe wí.

Àdúrà ló kàn. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ tọrọ ohun kan pàtó fún un, irú èyí tí ẹ̀yin náà ń fẹ́: ìlera, iṣẹ́, ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ilé. Ìṣẹ́jú méjì lójúmọ́ ti tó. Bí ọ̀rọ̀ bá há yín lọ́fun, ẹ dárúkọ rẹ̀ nìkan níwájú Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ rèé: “Olúwa, jẹ́ kó rí i pé òun ló jẹ̀bi.” Ẹjọ́ lẹ ń rò yẹn, ẹ ò tíì gbàdúrà fún un. Jákọ́bù àti Jòhánù tiẹ̀ fẹ́ kí iná ọ̀run jó abúlé àwọn ará Samáríà kan. Jésù bá wọn wí.

Oore tí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kó kéré. Ẹ́kísódù 23:4-5 ní bí a bá rí màlúù ọ̀tá wa tó ṣìnà, ká dá a padà fún un. Bí ẹrù bá wó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹni tó kórìíra wa mọ́lẹ̀, ká bá a gbé e. Ẹ bá a yanjú ìṣòro tó bá wà níwájú yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bùn ńlá lè dà bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi dójú tì í.

Ibi tó le jù lọ, tí wọ́n sì fi ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, ni kí wọ́n ní ẹni tó bá dárí jini gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ ẹni tó ń lù ú. Irọ́ ni. Nínú 1 Sámúẹ́lì 26, Dáfídì mú ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù, ọba tó ń lépa ẹ̀mí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á. Sọ́ọ̀lù bẹ̀ ẹ́ pé, “Padà wá, ọmọ mi.” Dáfídì ní kí ìránṣẹ́ kan wá gba ọ̀kọ̀ náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Póòpù John Paul Kejì náà kéde ìdáríjì fún Mehmet Ali Ağca ní May 1981, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí Ağca yìnbọn fún un, póòpù sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́wọ̀n ní 1983. Síbẹ̀ Ağca ò kúrò lẹ́wọ̀n ní Ítálì títí di 2000. Nítorí náà, ẹ lè dárí jì í kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. “Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré,” òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àná ni òwe yẹn ń wí. Ẹni tó ṣì ń ṣe é lónìí kọ́.

Ìbínú yóò padà wá. Ìyẹn ò sọ pé ìdáríjì àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje tí Jésù sọ fún Pétérù lè jẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Bó bá ti dé, ẹ padà sí àdúrà oníṣẹ́jú méjì yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ó ṣubú, tí inú yín dùn, ẹ ka Òwe 24:17, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, kí ẹ wá ohun kékeré kan tí ẹ lè fi ràn án lọ́wọ́.