Iṣẹ́ Tó Lè Dúró De Ọmọ: Bí Mo Ṣe Ń Tún Ilé Ṣe Nígbà Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Ìlà kan wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wá sísàlẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fi rúlà fà á. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti wọlé, kò sí ẹni tí kò ní rí i. Ibẹ̀ ni mo ti ju rólà tí mo fi ń kun ọ̀dà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọ mi kejì ké láti ẹ̀yìnkùlé pé òun ti ṣubú. Orúnkún rẹ̀ ló bó, kò jìn. Mo fọ̀ ọ́, mo dì í, mo gbé e mọ́ra títí ó fi dákẹ́. Ó gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Kí n tó padà dé ìdí ògiri, etí ọ̀dà tí mo ti kùn ti gbẹ. Mo kun ìyókù lé e, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà tútù ti pàdé èyí tó ti gbẹ ò bá ara wọn mu mọ́ títí dòní.

Ìlà yẹn ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ. Tí ilé ìwé bá ti wà ní títì, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ má wo títóbi iṣẹ́ kí ẹ tó mú un. Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé: bí ọmọ bá pè mí láàárín rẹ̀, ṣé á dúró dè mí?

Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: ọmọ ọdún 7, ọmọ ọdún 4, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tage-tage. Bàbá wọn kì í délé títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, mo lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fa ìlà sáàárín rẹ̀, mo pín gbogbo iṣẹ́ ilé sí méjì.

Apá kan ni iṣẹ́ tó máa dúró: fífọ ògiri, dídí ihò ìṣó, wíwọn ibi tí pẹpẹ máa wà, pípààrọ̀ ọwọ́ dúróà, lílẹ tépù oníwèé sí etí fèrèsé kí ọ̀dà má bàa kàn án. Ẹ lè fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ ní ìdajì kí ẹ padà wá bá a lọ́la, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Apá kejì ni èyí tí kì í dúró: kíkun ògiri, lílẹ táìlì, títún páìpù tí a ní láti torí rẹ̀ ti omi gbogbo ilé pa, àti ohunkóhun tó bá ti ní sìmẹ́ǹtì nínú. Sìmẹ́ǹtì tí a ti po, láàárín wákàtí kan sí méjì ó ti ń le. Tí ẹ bá sì ní kí ẹ bu omi kún un kó lè rọ̀, agbára rẹ̀ ti dín kù nìyẹn. Apá kìíní ni mo máa ń ṣe nígbà tí ojú àwọn ọmọ là sílẹ̀. Apá kejì ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tí àbíkẹ́yìn bá sùn tàbí tí àgbàlagbà mìíràn bá wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti ògiri dáadáa, nítorí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Oorun ọ̀sán àbíkẹ́yìn mi kì í ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló gbà, mi ò sì ní fi tipátipá mú un di méjì. Kó tó sùn, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀: tépù ti wà létí ògiri, aṣọ ti bo ilẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti rólà ti wà nídìí iṣẹ́. Agolo ọ̀dà nìkan ni mi ò ní ṣí. Tó bá ti sùn, màá ṣí agolo, màá ro ọ̀dà náà dé ìsàlẹ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì fa etí ògiri yí ká ní ìwọ̀n bíi ìka mẹ́ta, màá sì fi rólà tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ kí etí náà tó gbẹ. Ọ̀dà tútù gbọ́dọ̀ máa bá tútù pàdé. Láti igun dé igun ni kí ẹ lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dúró, igun ni kí ẹ ti dúró, nítorí ojú kì í rí ìlà nínú igun. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa kun àjà náà, àjà ni kó ṣáájú, kí èyí tó bá kán sílẹ̀ má ba ògiri tuntun jẹ́. Ẹ má sì kun ògiri tí oòrùn ń pa lọ́wọ́, á gbẹ kí ẹ tó yí ojú padà.

Tí ọmọ bá jí, ẹ fi ọ̀rá wé rólà àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ so ó pinpin. Ọ̀dà olómi (èyí tí a fi omi ṣe, kì í ṣe epo) tó wà lára rẹ̀ máa tutù títí di alẹ́, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì. N ò mọ̀ èyí tẹ́lẹ̀, mo máa ń fọ rólà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọ̀dà olómi sábà máa ń gbà tó wákàtí 2 sí 4 kí a tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ka ara agolo, òun ló mọ tirẹ̀. Tépù ní tirẹ̀, ẹ rọra fà á kúrò nígbà tí ọ̀dà ò tíì gbẹ tán, kó má bàa ṣí ọ̀dà mọ́ra.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi nǹkan kan ha ọ̀dà àtijọ́, ẹ mọ ọjọ́ orí ilé náà. Òjé, irin olóró kan tí òyìnbó ń pè ní lead, wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà kan. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé, ibòmíràn sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ekuru rẹ̀ á bà sílẹ̀, ọmọ tó ń rá á fọwọ́ kàn án, á ki ọwọ́ bọ ẹnu. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè pè ní kékeré. Tí ẹ bá fura, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ṣe fi sáńpépà gbígbẹ kàn án rárá.

Kí ni àwọn tó jí máa wá ṣe? Ẹ fún wọn níṣẹ́ gidi. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹ kàn ń fi nǹkan tan òun ò ní pẹ́ nídìí rẹ̀. Àkọ́bí mi ló ń di etí tépù ìwọ̀n mú, òun ló sì ń ka nọ́ńbà sí mi létí. Kí n tó tú nǹkan, á ka sukúrù sínú abọ́, á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Tí a bá parí, á tún un kà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, 11 ló wà níbí, 12 ni mo kọ." A dá iṣẹ́ dúró, a wá gbogbo ilẹ̀. Abẹ́ etí rọ́ọ̀gì la ti rí i, kò tó ìgbésẹ̀ méjì sí ibi tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí. Mo dì mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún 4 ló gba ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo bu omi díẹ̀ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, mo fún un ní búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó kan tó fẹ̀, mo ní kó bá mi kùn ún. Ibi tí omi bá kàn á dúdú bí ẹni pé ọ̀dà ni lóòótọ́. Ó ń kùn, ó na ìka ẹsẹ̀, ahọ́n yọ síta ní igun ẹnu. Kó tó dé ìparí, oòrùn ti gbẹ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé inú máa bí i. Ó wò ó, ó ní, "Iṣẹ́ ṣì kù o," ó sì padà síbẹ̀rẹ̀. Mo parí dídí ihò férémù fèrèsé mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Omi yẹn, ẹ dà á nù bí ẹ bá ti ń dìde. Ẹ má fi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sílẹ̀ nígbà tí ọmọ tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ wà ní tòsí. Orí ọmọ wúwo ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á ṣubú sínú rẹ̀, kò sì ní lè gbé ara rẹ̀ jáde. Omi tí kò jìn ju ìka díẹ̀ lọ tó láti pa á, kì í sì í pariwo. Àkàbà náà, tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e dùbúlẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó rí bíi bọ́tìnì inú àwọn irinṣẹ́ kan, ẹ fi pamọ́ bí owó. Tí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi ipá mú un bì.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ọmọdé tó bá fa dúróà mẹ́ta síta á fi ṣe àtẹ̀gùn, á tó o, gbogbo àpótí náà á sì tẹ̀ síwájú wó lé e lórí. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ máa rí ṣe nínú gbogbo ìsinmi yìí, ẹ fi irin de àpótí oní-dúróà àti kọ́bọ́ọ̀dù gíga mọ́ ògiri. Kò gba ìdajì wákàtí, ó sì wà lára èyí tó ń dúró deni.

Ògiri pálọ̀ ló kù lórí ìwé mi. Lọ́jọ́ Sátidé, bàbá wọn máa kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti àárọ̀. Mo ti fi sáńpépà pa ìlà yẹn rẹ́ títí ó fi dọ́gba, tépù sì ti wà létí fèrèsé láti àná.