Ojú ni kó kọ́kọ́ yan ìbọn: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta-kan tí ọ̀pá rẹ̀ ṣeé pààrọ̀

Ìbọn tí à ń sọ níbí kì í ṣe ìbọn tí èèyàn ń gbé kiri láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ tó ń gba ọta ẹyọ kan ṣoṣo ni, tí à ń ṣẹ́ láàárín kí a tó kì í, tí a sì lè yọ ọ̀pá rẹ̀ kí a fi òmíràn tí ìwọ̀n ọta rẹ̀ yàtọ̀ rọ́pò. Amẹ́ríkà ló ti gbajúmọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ Thompson/Center ní Rochester, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ló gbé Contender jáde ní 1967, èyí tí Warren Center ṣe ìlànà rẹ̀. Encore àti Contender G2 tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, Freedom Arms sì ní Model 2008 tiwọn. Àwọn ọdẹ ń lò ó, àwọn tó ń díje IHMSA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ ta ère ẹran onírin, náà ń lò ó. Nínú ìdíje ńlá yẹn, adìyẹ onírin wà ní mítà 50, ẹlẹ́dẹ̀ ní 100, tòlótòló ní 150, àgbò ní 200.

Irú ìbọn yìí bá ojú tí kò dá ṣáká mọ́ mu ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Kò ní ìdí tí à ń tì mọ́ èjìká. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn, tó sì jẹ́ pé ojú òsì ló ṣẹ́kù tó ríran dáadáa, kò ní láti kọ́ èjìká òsì lẹ́kọ̀ọ́; yóò kàn sún ìbọn díẹ̀ wá síwájú ojú òsì ni. Ohun kejì ni pé ọ̀pá ló ń gbé àmì ìfojúsùn, kì í ṣe férémù, ìyẹn ara ìbọn tó di tírígà àti èèkù mú. Bí ojú bá yí padà lọ́la, ọ̀pá tàbí awò orí rẹ̀ nìkan ni èèyàn máa pààrọ̀. Tírígà àti èèkù tí ọwọ́ ti mọ̀ yóò wà bí wọ́n ṣe wà. Àmọ́ ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú nígbà tó ń rà á yóò náwó lẹ́ẹ̀mejì.

Fífi ìwọ̀n ọta bẹ̀rẹ̀

“Ṣé ó wà ní .30-06?” Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà nìyẹn. .30-06, tó jẹ́ ọta ráìfù ńlá, nínú ọ̀pá Encore oní-ínṣì 15 ń ta sẹ́yìn burúkú, iná ẹnu rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ sì ń dún nínú àyà. Ojú tó ń ṣiṣẹ́ tipátipá láti rí àfojúsùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí ọta tó jáde, kò sì sí awò tó ń wo ìyẹn sàn. Ojú ni kó kọ́kọ́ sọ irú àmì tàbí awò tó lè lò. Awò ni yóò sọ irú ọ̀pá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọta, férémù ló kẹ́yìn. Ọ̀pá àkọ́kọ́ tó dára jù fún ẹni tí ojú ń yọ lẹ́nu ni .22 LR, nítorí ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í sì í kọ́ ọwọ́ ní ìwà burúkú. Èyí já sí férémù Contender, torí Encore kò gba irú ọta tí à ń lù létí bíi .22 LR. Bó bá di ti ìgalà, .30-30 tàbí 7-30 Waters nínú ọ̀pá ínṣì 14 tó o fún ọ̀nà tí kò jìn.

Àìmọ ohun tó ń ṣe ojú gan-an

“Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́” kò tó láti fi ra nǹkan kan. Ojú àgbà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, kì í jẹ́ kí a rí ohun tó sún mọ́ wa. Àfojúsùn lókèèrè lè mọ́ kedere síbẹ̀. Kataráàtì yàtọ̀ pátápátá: kùrukùru ni, oòrùn tó bá wá láti iwájú a sì fọ́n káàkiri inú ojú. Ẹni tó ní in tó ń ra awò ìbọn kan tẹ̀ lé òmíràn ń fi owó iṣẹ́ abẹ ṣòfò ni. Kí ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kí ó sì sọ fún dókítà ṣáájú pé òun ń yìnbọn àti ojú tí òun fi ń wo àmì, torí àwọn dókítà kan máa ń ṣètò ojú kan fún òkèèrè, èkejì fún ìtòsí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú èyíkéyìí, dókítà tó ṣe é ni yóò sọ ọjọ́ tí ìbọn tó ń ta sẹ́yìn tún lè wọ ọwọ́.

Gulokóómà ló léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń bá àwa aláwọ̀ dúdú jà ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà ń kọ́kọ́ jẹ. Àárín ṣì ń ríran, nítorí náà ẹni náà lè lu góńgó àfojúsùn kó má sì rí ọmọ tó ń rìn bọ̀ láti òsì. Awò ìbọn tún ń dín ohun tó ń rí kù sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dá yìnbọn; kí ẹlòmíràn dúró tì í tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ pápá. Àìsàn tó ń jẹ àárín ojú ló ṣe òdìkejì èyí: ẹ̀gbẹ́ wà, àárín ti lọ. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lè ràn án lọ́wọ́ lórí pátákó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ dájú bóyá ìgalà ni tàbí ènìyàn kò ní ohun tó ń ṣe nínú igbó pẹ̀lú ìbọn. Ti àtọ̀gbẹ: ṣúgà tó ga máa ń yí bí ojú ṣe ń ríran padà. Awò ojú tí wọ́n bá wọ̀n nígbà tí ṣúgà ga kò ní bá ojú mu mọ́ bó bá rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Awò ìkàwé lójú, àmì irin lórí ìbọn

Ojú kò lè rí àmì ẹ̀yìn, àmì iwájú àti àfojúsùn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ́ a máa yára sáré láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbà kò lè sáré yẹn mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wọ awò ìkàwé +2.00 lọ sí pápá. Ẹ ṣírò rẹ̀: ibi tí +2.00 ń wò kedere kò ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Bí a bá na apá, àmì iwájú ọ̀pá ínṣì 10 wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80 sí ojú, ti ínṣì 14 sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Àmì yóò ṣú, àfojúsùn yóò di ìkùukùu.

Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ojú máa wo ìlọ́po méjì ibi tí àmì iwájú wà. Bí àmì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 75, ẹ jẹ́ kí awò máa wo mítà 1.5, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi +0.67. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí wọ́n ń ṣe ni +0.75, lé orí nọ́ńbà tí ẹ fi ń wo òkèèrè. Àmì yóò mú, etí àfojúsùn yóò rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i. Ẹ wọn ibẹ̀ nílé pẹ̀lú ìbọn tí kò ní ọta nínú, tí ọ̀pá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i pé òfìfo ni, kí ẹlòmíràn fi téèpù wọn láti ẹ̀gbẹ́ ojú dé àmì iwájú. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó gbé lọ fún ẹni tó ń ṣe awò ojú. Ẹ má gbé ìbọn dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Awò alápá méjì kò dára fún un, torí ẹ ó máa gbé àgbọ̀n sókè láti rí àmì, ọrùn yóò sì máa dùn yín. Kí dígí náà jẹ́ polycarbonate, ike tí kì í tètè fọ́, tó bá ANSI Z87.1, ìlànà Amẹ́ríkà fún awò ìdáàbòbo ojú, mu.

Àwọn kan máa ń lẹ ìlẹ̀mọ́ oníhò kékeré, bíi mìlímítà 1.5, mọ́ awò ojú. Ó ń mú nǹkan mọ́ kedere lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé kéré. Ní ọ̀sán gangan ó dára. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹran ń jáde, òkùnkùn ni ẹ ó máa wò.

Red dot tó di ìràwọ̀

Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ pé red dot, awò tó ń fi ẹyọ iná pupa kan hàn lórí àfojúsùn, ni oògùn ojú àgbà, òótọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ wọn, torí ibì kan ṣoṣo ni ojú ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní astigmatism, ìyẹn ojú tí iwájú rẹ̀ kò yípo déédéé, kì í rí ẹyọ kan tó yípo. Ó ń rí ìràwọ̀ tàbí ohun tó nà bí ìrù. Òun á dá awò padà pé ó bàjẹ́. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù wo inú rẹ̀ kí ẹ tó jà: bó bá yípo lójú kámẹ́rà, ojú yín ló ni ín. Ẹ tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìrù náà bá yí tẹ̀lé orí yín, ẹjọ́ ti parí. Ẹ kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ẹ wọ awò ojú tó tọ́ sí astigmatism. Bí kò bá san, ẹ yan awò tí wọ́n fín ìlà sínú dígí rẹ̀.

Awò ráìfù lórí ìbọn ìléwọ́

Owó rẹ̀ dára, ó wà nílé, wọ́n á sì gbé e sórí. Awò ráìfù fẹ́ kí ojú wà ní nǹkan bí ínṣì 3 sí 4 sí i. Bí ẹ bá na apá, dúdú ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá fà á súnmọ́ ojú kí ẹ lè rí nǹkan, irin rẹ̀ yóò bẹ́ yín lójú nígbà tí ìbọn bá ta. Ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn ìléwọ́, irú Leupold FX-II 4x28 tàbí Burris 2-7x32, tí àlàfo ojú rẹ̀ gùn tó apá. Ojú tó ṣú kò sì ní kí a máa wá ìlọ́po tó pọ̀ jù. Ní ìlọ́po 7, ọwọ́ tó mì díẹ̀ ti gbé àwòrán lọ, kí orí sì sún díẹ̀, òkùnkùn. Ìlọ́po 2 sí 4 ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu, lórí àpò iyanrìn tàbí ọ̀pá àtìlẹ́yìn. Igi abẹ́ ọ̀pá ni kó jókòó lórí àpò, kì í ṣe ọ̀pá fúnra rẹ̀.

Ìlà inú awò tún ń fẹ́ àtúnṣe sí ojú ẹni. Ẹ wọ awò ojú tí ẹ ó fi yìnbọn, ẹ kọ ìbọn òfìfo sí ojú ọ̀run funfun, kì í ṣe ibi tí oòrùn wà, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, ẹ gbé ojú kúrò, ẹ yí ìdí awò díẹ̀, ẹ tún wò. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ojú yóò fúnra rẹ̀ tún un ṣe, ẹ ó sì rò pé ó ti dára.

Kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní awò tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣí awò kan láti ọ̀pá dé ọ̀pá ti sọ ohun tó ra ìbọn yìí fún nù, torí gbogbo ìgbà ni yóò máa tún un tò. Ìṣó tó di awò mú lórí ọ̀pá wọ̀nyí kéré, wọ́n sì máa ń tú tàbí kán lábẹ́ ọta tó lágbára. Ẹ fi ọtí nu epo inú ihò, ẹ fi Loctite aláwọ̀ búlúù, àtè tí kì í jẹ́ kí ìṣó tú, díẹ̀ sí i, ẹ lo òrùka mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọta ńlá. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ ìnura funfun; ìṣó dúdú tó bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú yín kò ní rí i mọ́.

Ọta tí kì í ṣe ti ọ̀pá náà

Èyí ló lè pa èèyàn. Ìwọ̀n ọta tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá kéré, ojú àgbà kò sì lè kà á lórí tábìlì pápá. Inú ìdí ọta .223 ni wọ́n ti ṣe ti .300 Blackout, ìsàlẹ̀ wọn bára mu. .300 Blackout mìíràn lè wọ ọ̀pá .223, kí ìbọn sì tì pa. Ọta oní-.308 ínṣì yóò wá máa wá ọ̀nà gba ihò .224. Ìbọn yóò bú. Ẹ má ṣe gbé oríṣi ọta méjì sórí tábìlì kan náà láé. Ẹ kọ ìwọ̀n ọta gàdàgbà sára àpò ọ̀pá àti sára páálí ọta, ẹ fi téèpù àwọ̀ kan náà sára méjèèjì. Ọ̀pá tó ń gba .45 Colt àti .410 pọ̀ lórí Contender: choke, èyí tó ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, ti .410 oníhóró wẹ́wẹ́ ni, ẹ yọ ọ́ kúrò kí .45 Colt tó wọ inú rẹ̀.

Òòlù Contender ní ohun kékeré tó ń yan bóyá etí ọta ni abẹ́rẹ́ yóò lù tàbí àárín rẹ̀. Bí ẹ bá yan èyí tí kò tọ́, ẹ ó gbọ́ “kẹ́ṣẹ́” lásán. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí pápá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹ tó ṣí i. Lẹ́tà orí ohun tó ń yan yẹn tín-ín-rín. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Òfin, àti ọ̀pá tí kò báramu

Ọ̀pá Encore kò wọ Contender, ti Contender kò wọ Encore. Èèkù G2 kò sì wọ Contender àtijọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá fi ìdí tí à ń tì mọ́ èjìká sí ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínṣì 16, ó ti di ráìfù tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti gbé ẹjọ́ Thompson/Center lórí irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 1992, ilé iṣẹ́ náà ló sì jàre. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dá láre ni àpótí tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe kí èèyàn to ìdí pọ̀ mọ́ ọ̀pá kúkúrú. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ di ráìfù, ọ̀pá gígùn ni kó kọ́kọ́ wọlé, ìdí lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń dá a padà, ìdí ni kó kọ́kọ́ jáde. Férémù tí wọ́n kọ́kọ́ tà bí ráìfù kò sì gbọdọ̀ di ìbọn ìléwọ́. Ẹ wo èyí dáadáa bí ẹ bá ń ra àlòkù. Àwọn ará wa ní Britain kò ní ohun tí wọ́n máa yàn níbẹ̀, òfin 1997 ti mú irú ìbọn ìléwọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ aráàlú. Ní Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin kà léèwọ̀.

Dídán an wò nínú ilé ìtajà

Iná funfun ilé ìtajà ń fi gbogbo awò hàn bí èyí tó dára. Ẹ yá irú rẹ̀ lò ní pápá, ní wákàtí tí ẹ máa ń yìnbọn gan-an, pẹ̀lú awò ojú tí ẹ máa ń wọ̀. Ẹ yin ọta márùn-ún láti orí àpò iyanrìn ní yáàdì 50, ẹ sinmi ojú, ẹ tún yin márùn-ún. Bí ìdìpọ̀ kejì bá fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ojú ti rẹ̀, ẹ wá awò tí ìlà rẹ̀ nípọn jù tàbí tí ìlọ́po rẹ̀ kéré sí i. Bí méjèèjì bá ṣù pọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò sí láàárín, ojú kò ní ẹ̀bi, ẹ yí ìtò awò nìkan.