Fáírọ́ọ̀sì tí o kọ́kọ́ rí lè má mọ nǹkan kan nípa ikú síìlì

Àṣìṣe tó burú jù lójú mi fún ẹni tó ń wá fáírọ́ọ̀sì tuntun lára ẹran inú òkun ni kí ó rí ọ̀kan, kí ó sì kéde pé òun ti mú apààyàn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1988, oyún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lára àwọn síìlì, ẹran òkun onírun tó máa ń gun etíkun sinmi, ní erékùṣù Anholt ní Dẹ́ńmáàkì. Kí ọdún náà tó parí, nǹkan bí 18,000 síìlì ti kú ká etí Òkun Àríwá. Wọ́n ń wúkọ́, wọn ò lè mí dáadáa, ikun ń dà ní imú wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ herpes jáde, òmíràn tó ń jẹ́ picornavirus náà tún yọjú. À ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú! Fáírọ́ọ̀sì distemper tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ rí, mọ̀lẹ́bí èyí tó ń pa ajá, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Òun ló ba agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn jẹ́, tí àwọn yòókù fi ráyè wọlé. Nítorí náà, kí o tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, wá fáírọ́ọ̀sì tí o rí náà lára síìlì tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú. Wò ó bóyá inú ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́ gan-an ló wà.

Má sì fọkàn tán irinṣẹ́ rẹ. Ní 2013, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ní àwọn rí lára àwọn alárùn ẹ̀dọ̀ ní Ṣáínà wá di ohun tó ti inú silica, ohun bí iyanrìn tí wọ́n fi ń sẹ́ DNA (èròjà àbùdá) jáde, wá. Ó jọ pé ara àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi ló ti ṣẹ̀. Ká ní ẹ̀jẹ̀ àbùùbùtán ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ta ni ìbá jiyàn pé kì í ṣe ti òkun? Jẹ́ kí omi lásán, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan, gba gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ náà gbà; bí fáírọ́ọ̀sì bá yọ níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé irinṣẹ́ ló ti wá.

Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ lo ń yẹ̀ wò, rántí pé ẹja ni síìlì ń jẹ. Fáírọ́ọ̀sì ẹja lè wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo ojú yín. Ní Cape Cod ní Amẹ́ríkà, láàárín 1979 sí 1980, oríṣi fúlúù kan tó ń jẹ́ H7N7 pa síìlì tó lé ní 400, ojú àwọn kan tó la òkú wọn sì pọ́n bí ojú ẹni tí àpólò mú. Lẹ́yìn náà, síìlì kan tí wọ́n ń fi ṣe àyẹ̀wò sín sí olùṣèwádìí kan lójú, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún nínú ojú rẹ̀.