Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí èérún nano olóòfà àti ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí èérún magnetite (Fe₃O₄, irin àti ọ́síjìn tó para pọ̀, tí òòfà ń fà) ló ti bàjẹ́ nínú bíkà kí wọ́n tó gbé e dé iwájú lésà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ṣe é ni èyí tí Massart tẹ̀ jáde ní 1981: wọ́n á po iyọ̀ irin Fe³⁺ mọ́ ti Fe²⁺ nínú omi, 2 sí 1, wọ́n á sì da amóníà sí i títí pH yóò fi wọ 10. Gíráàmù 5.41 FeCl₃·6H₂O àti gíráàmù 1.99 FeCl₂·4H₂O yẹ kó fúnni ní nǹkan bíi gíráàmù 2.3 magnetite.

Ẹ má lo omi tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ́síjìn yóò sọ Fe²⁺ di Fe³⁺, 2 sí 1 tí ẹ fara balẹ̀ wọ̀n á sì ti yẹ̀. Ẹ fẹ́ náítírójìn sínú omi náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí iyọ̀ tó wọ inú rẹ̀, ẹ má sì dá a dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí. FeCl₂ tó bá ti di pupa rúsúrúsú nínú ìgò, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n rárá.

Ẹ má sì fi ọ̀pá òòfà kékeré tó ń yí nísàlẹ̀ bíkà rò ó. Bí ẹ bá fà á jáde, ẹ ó rí irun dúdú kirikiri tó dúró ṣánṣán lára rẹ̀. Èso iṣẹ́ yín ló lẹ̀ mọ́ ọn yẹn. Mọ́tò tó ní ọ̀pá gíláàsì ló tọ́.

Gbígbẹ náà tún ní tirẹ̀. Èérún nánòmítà 10 tí a yan nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ yóò di maghemite (Fe₂O₃ tí òòfà ń fà, tí gbogbo irin inú rẹ̀ ti di Fe³⁺), á sì dì mọ́ra. XRD, ìyẹn fífi ìtànṣán X yẹ kírísítà wò, nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ tú àṣírí rẹ̀: ìhà kírísítà magnetite jẹ́ 8.396 Å, ti maghemite jẹ́ nǹkan bíi 8.35 Å, ìlà èérún kékeré sì máa ń fẹ̀ débi pé ìyàtọ̀ yẹn á sọnù. Kí òòfà fa nǹkan kò sọ ọ́ di Fe₃O₄, torí òòfà ń fa maghemite náà. Àyẹ̀wò Mössbauer, tó ń fi ìtànṣán gamma ya Fe²⁺ sọ́tọ̀ kúrò lára Fe³⁺, ni kí ẹ fi jẹ́rìí.

Tó bá kan agbára òòfà, ẹ yọ ìwọ̀n oleic acid (ásíìdì ọlọ́ràá) tó bo èérún náà kúrò. Bí 20% rẹ̀ bá jẹ́ oleic acid, tí ẹ̀rọ sì ka 52 emu/g (agbára òòfà nínú gíráàmù kan), ti magnetite náà gan-an jẹ́ 65.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni wíwọn yíyí Faraday, ìyẹn bí òòfà ṣe ń yí ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n sí. Lésà 633 nm gba inú pólárísà (asẹ́ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa gbọ̀n sí ìhà kan ṣoṣo) kọjá, ó la èérún tó wà nínú òòfà kọjá, ìhà tó ń gbọ̀n sí a sì yí díẹ̀. Pólárísà kejì, tí a dá sí dígírì 45 sí ti àkọ́kọ́, ló ń fi yíyí náà hàn. Gíláàsì cuvette, ìgò kékeré tí èérún àti omi wà nínú rẹ̀, ń yí i, omi ń yí i. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wọn cuvette tó kún fún omi lásán ń ka ti gíláàsì mọ́ ti èérún. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí òòfà kọjú síwájú, ẹ yí òòfà sẹ́yìn, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ yọ èkejì kúrò lára àkọ́kọ́, ẹ pín in sí méjì. Yíyí Faraday máa ń yí àmì padà bí òòfà bá yí ìdarí. Èyí tí òòfà tó wọ́ díẹ̀ ń dá sílẹ̀ kì í yí, ó sì ń pòórá nínú ìyọkúrò yìí.

Ẹ má mú ìwọ̀n agbára òòfà kan ṣoṣo kí ẹ fi ṣírò Verdet, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ tó fún ìwọ̀n òòfà àti gígùn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ rìn. Ti omi ń gòkè tààrà bí òòfà ṣe ń pọ̀ sí i, ti èérún máa ń tẹ̀, a sì kún débi tí kò ní gòkè mọ́. Apá ìsàlẹ̀ tó tọ́ gbọnrangandan nìkan ni Verdet ti ń jáde.

Èérún tó ki jù náà ń tanni jẹ: òòfà á tò ó bí ìlà. Ẹ yọ pólárísà kejì, ẹ tan òòfà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹ fi omi là á sí i. Ẹ jẹ́ kí lésà wà ní nǹkan bíi 1 mW, kí ooru rẹ̀ má bàa ru omi sókè. Nínú ìwé yín, ẹ kọ ìgùn ìgbì, agbára òòfà, fífẹ̀ cuvette àti iye irin nínú mìlílítà kan. Láìsí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà yín wé tirẹ̀.