Ìrírí mi: Bí fídà wa ṣe kúrò ní Band A

Yúnítì 41! Mo ní kí ọmọ tún un kà fún mi. Ẹja inú yìnyín ni mò ń tà, 10,000 náírà tí mo máa ń fi ra iná máa ń fún mi ní nǹkan bíi 136, àfi bó ṣe di 3 April 2024 tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná jù fún, láti 68 náírà lórí yúnítì kan lọ sí 225, VAT tún wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní wákàtí 20 la máa rí lójúmọ́. Níbo! Ọjọ́ mìíràn a ò ní rí mẹ́sàn-án, ẹja á máa jẹrà, màá tún ra epo sí jẹn.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé a ò dìbò yan ẹnì kankan níbẹ̀. Ààrẹ ló ń yan àwọn kọmíṣọ́nnà NERC méjèèje, àwọn sẹ́nétọ̀ á fọwọ́ sí i, ó tán, onímọ̀ ni wọ́n. Kánsẹ́lọ̀ wa ní agbára òun ò débẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ìwé táwọn onímọ̀ fọwọ́ ara wọn kọ. Ó wà níbẹ̀ kedere o: tí fídà Band A, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ò bá gba wákàtí 20 fún ọjọ́ méjì léra, kí iléeṣẹ́ tó ń pín iná ṣàlàyé lórí wẹ́bsáìtì ẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tó lù, tó bá wá di ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já fídà yẹn wálẹ̀ sí ìpele tó bá iye iná tó ń rí mu.

Lẹ́tà kíkọ pé kí wọ́n já tiwa wálẹ̀, sáìn àwọn lándìlọ́ọ̀dù, ìyẹn ò le.

Káúńtà iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa ni mo ti rí i he. Ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹjọ́ lọ kó tó lè gbé e lọ sókè, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọn ò fi fẹ́ lu sítáǹpù sí lẹ́tà wa nìyẹn. "Mọ́mì, ẹ ò kọ orúkọ fídà yín." Kí lorúkọ ẹ̀? "Ẹ lọ bi àwọn technical." Technical ní kí n padà sí káúńtà. Káúńtà ní ọ̀gá ò sí nílé. Ìgbà tí mo pariwo tán ni ọmọkùnrin kan yí kọ̀ǹpútà sí mi pé ẹ wò ó, fídà yín ń gba wákàtí 21, tiransifọ́mà yín ló ní wàhálà. Háà! Fídà ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ilé ẹnikẹ́ni, kí iná ṣáà ti wà lórí wáyà ńlá, kó dé ọ̀dọ̀ ẹ, kó má dé ọ̀dọ̀ ẹ, wọ́n ti fún ẹ nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gun òpó ló sọ orúkọ fídà fún mi níkẹyìn. Mo wá àwọn tá a jọ wà lórí ẹ̀, oníbúrẹ́dì, bàbá oníwẹ́dà, a kọ ìgbà tíná lọ àti ìgbà tó dé sínú ìwé kan náà, ó bára mu ṣáká. Ṣé tiransifọ́mà gbogbo wa ló ń kú níṣẹ́jú kan náà ni? Wọ́n lu sítáǹpù, kíá!

Nígbà tó yá, tókìnì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní owó Band B, tó kéré sí ti A. Èmi ẹlẹ́ja o! Mo yan lọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, orúkọ fídà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ má kọ "ìyà ń jẹ wá" sínú lẹ́tà jàre, wákàtí ni kẹ́ ẹ kọ, kí ẹ̀dà tiyín náà ní sítáǹpù. Owó tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wa ṣáájú ṣá, kọ́bọ̀ kan wọn ò dá padà, mo sì ti kọ lẹ́tà mìíràn lórí ìyẹn.